Ọjọ́ Ajé Tí Wọ́n Tan Ọ̀gá Ilé-Ìwé Jáde

Irọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ló gbèrò irọ́ náà, ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ni wọ́n sì pa á fún. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí: ọmọ tan àgbà jẹ, ọmọ jẹ pàṣán, ó tán. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń to wákàtí ọjọ́ náà jọ, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, ọdún 1951, ní ìlú Farmville, ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ náà ń yí àwọ̀ padà lójú mi. Mo wá gbà pé ìfẹ́ ló bí i. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn àwọn àgbà wọn, wọ́n sì ti rò ó pé bí àgbà kò bá mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó máa lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Bóyá ìrònú yẹn yọrí, a ó dé ibẹ̀.

ÌDÁJÍ

Barbara Rose Johns lorúkọ rẹ̀. Darlington Heights ló ń gbé, abúlé àwọn olóko tábà, ó sì jìnnà sí Farmville débi pé ọmọ tí bọ́ọ̀sì bá já sílẹ̀ láàárọ̀, kò sí ilé-ìwé fún un mọ́ lọ́jọ́ náà àfi bí ẹni tó ní mọ́tò bá ṣàánú rẹ̀. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ń dáko. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Washington, ibẹ̀ ló ti ń wá wò wọ́n. Ẹ kúkú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún àkọ́bí tó bá tún jẹ́ obìnrin: òun ni yóò jí àwọn àbúrò, òun ni yóò rí i pé wọ́n wọṣọ, òun ni yóò dà wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ títì kí bọ́ọ̀sì tó fọn fèrè.

Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ da orí rẹ̀ rú, láàárọ̀ ọjọ́ kan, tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí à ń sọ yìí. Ó ti da àwọn àbúrò dé títì tán kó tó rántí pé òun kò mú oúnjẹ ọ̀sán òun. Ó sáré padà sílé. Kó tó dé, bọ́ọ̀sì ti gbé wọn lọ. Ó dúró sójú títì bóyá yóò rí ẹni gbé e, ó dúró tó nǹkan bíi wákàtí kan, ọkọ̀ tó wá yọ ni bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ òyìnbó. Farmville náà ló ń lọ. Ìdajì àga inú rẹ̀ ló ṣófo. Iwájú ilé-ìwé Barbara gan-an ni yóò gbà kọjá kó tó dé ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ funfun. Kò dúró, nítorí òfin ìpínlẹ̀ Virginia kò gbà kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ kàwé, áḿbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ilé-ìwé.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà pé ọjọ́ yẹn lòun pinnu pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni o. Kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Inú igbó ẹ̀yìn ilé wọn ló máa ń lọ jókòó sí, tí yóò máa ro àròjinlẹ̀, tí yóò máa bẹ Ọlọ́run pé kó fún àwọn ní ilé-ìwé tuntun. Àbúrò èyíkéyìí tó bá rí i níbẹ̀ yóò rò pé iṣẹ́ ilé ló ń sá fún.

Àwọn ará ìlú sọ lẹ́yìn náà pé arákùnrin bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Vernon Johns ni ìyẹn, oníwàásù tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tó ń ṣe pásítọ̀ nígbà náà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi Dexter Avenue ní Montgomery, ìjọ kan náà tí Martin Luther King gbà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1954. Òótọ́ ni pé Barbara jókòó ti ìwé rẹ̀, ó sì ń bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n Montgomery kò sí nítòsí, ọmọ náà sì ní ojú tó fi rí bọ́ọ̀sì.

AAGO MẸ́JỌ

Ẹ jẹ́ ká bá wọn wọ inú ọgbà. Orúkọ ilé-ìwé náà ni Robert Russa Moton High School, wọ́n fi sọrí ọkùnrin dúdú kan tó dàgbà ní kánńtì tí Farmville wà nínú rẹ̀, tó sì jẹ olórí ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee lẹ́yìn Booker T. Washington. Orúkọ ńlá. Ilé kékeré. Ọdún 1939 ni wọ́n fi bíríkì kọ́ ọ fún ọmọ 180. Nígbà tó fi máa di 1951, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 450. Kò sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá, kò sí ilé oúnjẹ, kò sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Gbọ̀ngàn ìpàdé ni wọ́n pín láàrin kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta nígbà kan náà, kí ọmọ tó ń kọ́ ìtàn máa fi etí kan gbọ́ ìṣirò.

Àwọn òbí ń bẹ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé pé kí wọ́n kọ́ òmíràn. Ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe ní 1948 ni pé wọ́n fi pákó kan àwọn àgọ́ gígùn sínú ọgbà náà, wọ́n fi bébà ọlọ́dà dúdú bò wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n máa lò ó fúngbà díẹ̀ ná. Fúngbà díẹ̀! Òjò ń jò wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣí agbòjò nínú kíláàsì. Nígbà òtútù, ẹni tó jókòó ti sítóòfù ń làágùn, ẹni tó wà lẹ́yìn kò bọ́ kóòtù látàárọ̀ dalẹ́. Títì ńlá gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé àwọn arìnrìn-àjò a máa rò pé ilé adìẹ ni. Ní ilé-ìwé àwọn òyìnbó, nínú ìlú kan náà, gbogbo ohun tí Moton kò ní ló wà.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ náà lóṣooṣù. Ọ̀gá ilé-ìwé, M. Boyd Jones, bá wọn lọ. Pásítọ̀ L. Francis Griffin ti ìjọ Onítẹ̀bọmi First Baptist bá wọn lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé wọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́, bí ọ̀rọ̀ bá wà àwọn á ránṣẹ́. Àwọn àgbà ti rin ìrìn tiwọn tán nìyẹn, wọn kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ yìí, òyìnbó látòkèdélẹ̀, ló ń gba àwọn tíṣà sẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì lè lé wọn.

ÌYÁLẸ̀TA

Láti aago mẹ́jọ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ̀kọ́ ń lọ. Ẹni tó bá wọ ọgbà náà kò ní rí ohun tó yàtọ̀. Ọmọ díẹ̀ péré nínú àwọn 450 ló mọ ohun tó ń bọ̀, àwọn yẹn sì jókòó, wọ́n ń kọ ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó.

Láti ìgbà ìwọ́wé ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ń gbèrò rẹ̀. Barbara ṣa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣeé fọkàn tán. Ó mú Carrie Stokes, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó mú John, arákùnrin Carrie, ó sì mú àwọn díẹ̀ mìíràn. Ẹ̀yìn ilé-ìwé, lórí àwọn àga ìwòran pápá eré, ni wọ́n ti ń pàdé. Ó ní bí àwọn òbí ò bá rí i ṣe, àwọn ọmọ ni yóò ṣe é. Wọ́n fún ìpète náà lórúkọ: Manhattan Project, orúkọ iṣẹ́ àṣírí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ẹ rẹ́rìn-ín tí ẹ bá fẹ́. Ìgbéraga ọmọdé wà nínú orúkọ náà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n àṣírí náà ò tú fún oṣù bíi mélòó kan, nínú ìlú kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, nínú ilé-ìwé tí ògiri ẹ̀ ò ju bébà lọ.

Àgbà kan mọ̀ ṣá.

Inez Davenport ni tíṣà orin. Òun ni Barbara lọ bá lọ́jọ́ kan, tó ń ráhùn nípa àgọ́, nípa òtútù, nípa gbogbo rẹ̀. Tíṣà náà gbọ́ ọ tán, ó sì bi í léèrè pé kí ló dé tí kò ṣe nǹkan kan sí i. Ó dun ọmọ náà. Ó rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó yí padà, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ lọ́kàn rẹ̀ ṣá o.

Nígbà tí Davenport darúgbó ló tó sọ pé òun kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní òun àti Barbara ń kọ ìwé kéékèèké síra wọn, wọ́n ń fi í pamọ́ sáàrin ìwé orin, tí ẹnì kan á fi sílẹ̀ tí ẹnì kejì á wá mú un. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo ni pé ọkùnrin tí tíṣà orin yìí ń fẹ́, tó padà di ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Boyd Jones, ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ wò ó bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn: ọkùnrin náà wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ wà nídìí dùùrù, ó mọ̀ pé bí agogo bá lù ní ìgbà kan báyìí wọn yóò tan olólùfẹ́ òun jáde, kò sì gbọdọ̀ sọ. Bó bá sọ fún un, ọkùnrin náà yóò ní láti yàn: kó dá àwọn ọmọ dúró, tàbí kó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba yíyàn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ àwọn tọkọtaya tí wọn yóò pe èyí ní ìdàlẹ̀. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀.

AAGO MỌ́KÀNLÁ

Tẹlifóònù dún ní ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Jones. Ohùn tó wà níbẹ̀ kò já geere. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó mọ̀ nípa ìpète náà ni, láti àárín ìlú, ó pa ohùn dà. Ó ní àwọn ọmọ Moton kan wà ní ibùdókọ̀ Greyhound, ọ̀rọ̀ ti dọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n fẹ́ kó wọn lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí irú irọ́ tí wọ́n yàn. Wọn kò sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń jó, tàbí pé wọ́n ń pè é fún owó. Wọ́n mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ní Virginia ọdún 1951, ọmọ dúdú tó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá wà nínú ewu, ọ̀gá ilé-ìwé tó bá gbọ́ kò ní dúró wo ọjà. Ìfẹ́ tó ní sí wọn ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Jones mú fìlà, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Bó ṣe kúrò ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé káàkiri kíláàsì. Ìwé kékeré bíi ti ọ̀gá: ìpàdé wà ní gbọ̀ngàn nísinsìnyí, kí gbogbo tíṣà kó ọmọ wọn wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo: J. Bí Jones ṣe máa ń fọwọ́ sí i nìyẹn. Johns náà, J náà ni. Barbara fọwọ́ sí i, kò sì purọ́ nípa orúkọ rẹ̀.

GBỌ̀NGÀN

Àwọn tíṣà kó àwọn ọmọ wá bí ìṣe wọn. Ọmọ tó lé ní 450 kún inú gbọ̀ngàn náà, lórí àga onírin tí wọ́n ń ká. Aṣọ ìkélé wà níwájú ìtàgé. Nígbà tó ṣí, Ọ̀gbẹ́ni Jones kọ́ ni wọ́n rí. Barbara ló dúró níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ gbèrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ Joan wà láàrin èrò. Kò mọ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tó dàgbà pé bí òun ṣe rí ẹ̀gbọ́n òun lókè yẹn, ṣe lòun rọra ń yọ́ sísàlẹ̀ lórí àga, kí ojú ẹnikẹ́ni má bàa kan òun. Ẹ̀rù bà á nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rù bà á nítorí ilé wọn. Ní ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yájú sí òyìnbó kò ní dá jìyà, ìdílé ni yóò jẹ ẹ́.

Ohun tí Barbara kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí àwọn tíṣà jáde. Àwọn kan dìde. Àwọn kan ò gbà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fi gbá bẹ́ǹṣì gbà, gbà, gbà, ó ní gbogbo yín, ẹ jáde. Bàtà! Níwájú olùkọ́! Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn àgbà nílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá mi dúró. Àwọn ọmọkùnrin kan sì sin àwọn tó ṣẹ́ kù dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó. Tíṣà tó bá jókòó, tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ yóò pè é lọ́la: kí lo gbọ́, kí lo sì ṣe sí i? Tíṣà tí wọ́n fi bàtà lé síta, kí ló lè dáhùn ju pé wọ́n lé òun? Inú bí àwọn kan nínú wọn gan-an lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Síbẹ̀ bàtà yẹn ni ẹ̀rí tí wọ́n ní pé ọwọ́ wọn mọ́.

Ó wá sọ̀rọ̀. Ó ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀: àgọ́ bébà, sítóòfù, bọ́ọ̀sì àlòkù tí àwọn òyìnbó ti lò tán kí wọ́n tó gbé e fún wọn, ìlérí tí kò wá sí ìmúṣẹ. Ó ní kò sí ọmọ tó máa padà sí kíláàsì títí tí wọn yóò fi ní ilé-ìwé tó dára. Àwọn kan bẹ̀rù àtìmọ́lé. Ó dá wọn lóhùn pé ọgbà ẹ̀wọ̀n Farmville kò gbà gbogbo àwọn. Mo fẹ́ràn èsì yẹn. Kò sọ pé wọn kò ní mú wọn. Ó bá wọn ṣírò àyè ni.

Wọ́n jáde. Àwọn páálí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀kan sọ pé ilé-ìwé tuntun ni àwọn fẹ́, tàbí kí ilé-ìwé má sí rárá. Òfin wà fún ìyanṣẹ́lódì náà: kí ẹnikẹ́ni má kúrò nínú ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má fa wàhálà. Àwọn kan ń gbé páálí káàkiri ilẹ̀ ilé-ìwé. Àwọn mìíràn jókòó sí àga wọn, wọ́n pa ìwé dé.

Àyè kan wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington tí wọ́n fún ìpínlẹ̀ Virginia láti gbé ère ẹni ńlá rẹ̀ sí. Ọ̀gágun Robert E. Lee, tó jagun fún àwọn olówó ẹrú, ló dúró síbẹ̀ fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n gbé e kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tí Virginia yàn dípò rẹ̀ ni ọmọbìnrin tó gbá bàtà mọ́ bẹ́ǹṣì yìí.

Ọ̀SÁN GANGAN

Jones dé ibùdókọ̀, kò rí ọlọ́pàá, kò rí ọmọ. Nígbà tó padà dé, ilé-ìwé tó fi sílẹ̀ kọ́ ló bá.

Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n padà sí kíláàsì, ó ní ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tuntun náà ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má ba ohun tí àwọn àgbà ti ṣe jẹ́. Barbara fi ìtẹríba ní kó máa lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sì lọ. Kò pe ọlọ́pàá, kò lu ẹnikẹ́ni, kò lé ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ọ̀gá ilé-ìwé mélòó, nígbà yẹn tàbí lónìí, tí ọmọ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí yóò yíjú padà wọ́ọ́rọ́.

Ṣé irọ́ náà wá dáàbò bò ó? Rárá. Ìgbìmọ̀ kò gbà gbọ́ pé orí ọmọdé ló ti jáde. Ọmọ dúdú, obìnrin, ọmọ ọdún 16, kó máa kó ọmọ 450 jáde wọ́ọ́rọ́wọ́? Wọ́n ní àgbà kan ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ni ẹni tó sún mọ́ wọn jù, wọn kò sì tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìjẹ̀bi. Inez Davenport, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ni wọn kò fura sí. Ó fẹ́ Jones, wọ́n jọ kúrò ní kánńtì náà. Títí ó fi darúgbó, ó pa àṣírí náà mọ́.

AAGO MẸ́TA TÍTÍ DI ÌRỌ̀LẸ́

Àwọn ọmọ ránṣẹ́ pe Pásítọ̀ Griffin, ó wá bá wọn nílé-ìwé. Ìbéèrè kan ló ń jà láàrin wọn: ṣé kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lẹ́nu àwọn òbí? Ìbéèrè tó nípọn ni fún ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ìyanṣẹ́lódì náà ti bẹ̀rẹ̀ ná, bí òbí bá ní rárá, ó ti di kí ọmọ ṣàìgbọràn. Bí òbí bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kó sínú ọ̀ràn. Griffin fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní béèrè.

Lẹ́yìn náà ni Barbara àti Carrie jókòó kọ lẹ́tà sí àwọn lọ́yà NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Richmond, Oliver Hill àti Spottswood Robinson. Ó yẹ kí ẹ rí bí lẹ́tà náà ṣe tutù tó. Wọ́n ní kò wu àwọn láti yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ ni àwọn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ròyìn pé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ láti wọ kíláàsì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí àwọn kan wà tó yẹ kó jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún náà, jíjókòó sílé kò sì lè gbé ìwé ẹ̀rí wá. Wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè wá. Ọwọ́ tó di bàtà mú láàárọ̀ ló kọ èyí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tó mọ ìgbà tí à ń gbá bẹ́ǹṣì tún mọ ìgbà tí à ń kúnlẹ̀.

Àwọn lọ́yà dé ní Ọjọ́rú, nínú ìjọ Griffin. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni láti ní kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, nítorí ẹjọ́ irú rẹ̀ kan ti wà lọ́wọ́ wọn ní South Carolina. Hill sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn rí bí àwọn ọmọ ṣe dúró ṣinṣin, ẹnu àwọn kò gbà á láti sọ ọ́. Wọ́n kàn fi ohun kan kún un: àwọn kò ní bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún ilé-ìwé dúdú tó dára jù mọ́, ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ni àwọn yóò pè lẹ́jọ́, bí àwọn òbí bá fọwọ́ sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ padà sí kíláàsì ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni ẹjọ́ wọ kóòtù, lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 117. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Dorothy Davis, ni orúkọ rẹ̀ ṣíwájú. Ẹjọ́ náà di ọ̀kan nínú ẹjọ́ márùn-ún tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà pa pọ̀ dá ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, 1954, tó fi òpin sí ìyàsọ́tọ̀ nílé-ìwé lójú òfin. Òun nìkan nínú márààrún ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kánńtì náà fi gbẹ̀san, tí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé ìjọba pa láti 1959 di 1964 kí ọmọ dúdú má bàa jókòó ti ọmọ funfun, ìtàn mìíràn ni, ó sì burú ju èyí lọ.

ALẸ́

Wọ́n sun àgbélébùú, àmì tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn dúdú, nínú ọgbà ilé-ìwé náà ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀rù ba àwọn òbí Barbara, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Vernon Johns ní Montgomery pé kó lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ló kù.

Nítorí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n pinnu lọ́sàn-án ni pé àwọn àgbà yóò gbọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹlẹ̀. Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀sì já ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ojúlé rẹ̀, káàkiri oko tábà, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní láti wá ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Mary Croner ni ìyá ìyá Barbara. Òun ló ròyìn bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ fún òun. Kò yí i sí ọ̀tún, kò yí i sí òsì: ìyá àgbà, mo kúrò nílé-ìwé láàárọ̀ yìí, mo sì kó ọmọ 450 jáde tẹ̀lé mi. Èémí ìyá náà fẹ́ẹ̀ dúró. Ó bi í bóyá ó rò pé ohun tó tọ́ ló ṣe. Ọmọ náà ní òun gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, ẹ ṣáà dúró tì wá.